Ẹni Tó Jókòó Gbọ́ Oríkì

Ẹ̀gbà ọwọ́ Mọrádékẹ́ ń tàn pupa láàárọ̀ tó yẹ kó máa tàn láwọ̀ aró. Ó fa apá bùbá rẹ̀ bò ó, ó ń fi èjìká la èrò kọjá lórí afárá. Àwọ̀ aró ni ti ilé, pupa ni ti iṣẹ́: Ilé Ìdọ́gba ló pín ọjọ́ sí ìpín ilé àti ìpín iṣẹ́ fún oníkálukú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀tẹ̀ mọ ìyẹn ní Ìdí-Ògiri. Ẹni tí ẹ̀gbà rẹ̀ bá pọ́n nígbà ìpín ilé, àwọn èèyàn a máa yà fún un lọ́nà bí ẹni pé àrùn ń ṣe é, wọn kì í sì í kí i. Kò sẹ́ni tó kí Mọrádékẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Mọrádékẹ́, níbo lo wà?" Ohùn ọ̀gá rẹ̀ ló ń jáde nínú ẹ̀gbà náà lábẹ́ aṣọ. "Omi ti ń ru. Ilẹ̀kùn kẹta ti tún há, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọwọ́ rẹ nìkan ló mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìpín ilé ni mo wà. Òní ni Ìdánimọ̀ màmá mi. Mo ti sọ fún yín."

Ọ̀gá Ṣówèmímọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Òun ni olórí àwọn tó ń ṣọ́ Ògiri Òkun, obìnrin tó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ omi lójú kó má baà gbé ìlú lọ. "Mo rántí," ló wá wí. "Tó o bá ti parí, sáré wá. Àgbà ti dé sí èmi náà, o mọ̀. Bí Ìdánimọ̀ yẹn bá yọrí sí rere, tí wọ́n rí i pé ilé rẹ tòrò, ipò mi di tìrẹ."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ Mọrádékẹ́ nínú. Láti ọjọ́ tó ti wọ iṣẹ́ Ògiri ló ti ń fojú sun ipò náà. Inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á, àwọn méjèèjì jọ ń ti ara wọn nínú rẹ̀ bó ṣe ń sáré. Kó ṣáà ti parí. Ohun tó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn: kí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ yìí ṣáà ti parí kíákíá, kí òun lè padà síbi tí omi ti ń ru.

Lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wọn, Ìyá Dúródọlá, aládùúgbò wọn, ń sá ẹja sórí àwọ̀n. Mọrádékẹ́ tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Àbí Aṣojú ni mo ń bá sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, mà. Aṣojú kì í jáde." Aṣojú ni ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ní àwòrán Mọrádékẹ́, tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ nílé nígbà tí òun bá wà níbi iṣẹ́.

"Òótọ́ ni, kì í jáde. Mo kàn ní kí n bi ọ́ ni. Òun ni mo máa ń rí lójú fèrèsé lójoojúmọ́, ìwọ ni ojú ń wá tí kò rí." Obìnrin náà ò bínú o. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, a fi ẹ̀rín ta èèyàn bí ẹ̀gún. "Ará Ilé Ìdọ́gba ti wà nínú ilé. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí. Ṣó o gbọ́ ti Ajíbádé tó ń gbé ìsàlẹ̀ afárá?"

"Mi ò gbọ́, mà."

"Lọ́jọ́ Ìdánimọ̀ tiwọn, tó yẹ kí ìyá mọ ọmọ rẹ̀ yàtọ̀ sí Aṣojú, ìyá rẹ̀ nawọ́ sí Aṣojú. Ajíbádé figbe ta, ó ní ìyá òun ti ṣì í mú, òun gan-an lọmọ. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n dá ẹ̀gbà rẹ̀ padà fún un. Àmọ́ òfin ní ìyá tí kò bá mọ ọmọ rẹ̀ mọ́, kò lẹ́nu nínú ilé mọ́. Ọbẹ̀ tí màmá gbé kaná ò tíì jinná tí ọkọ̀ fi dé, ó di Ilé Ìsinmi." Ó yí ẹja kan padà. "Ta lo sì mọ̀ tó lọ sí Ilé Ìsinmi tó bọ̀?"

Mọrádékẹ́ ò mọ ẹnì kan. "Àwọn tí kò figbe ta ńkọ́, mà?"

"Àwọn yẹn wà nínú ilé, wọ́n ń gbálẹ̀. Aṣojú wọn ló wà níbi iṣẹ́, tó ń jẹ́ orúkọ wọn." Ìyá Dúródọlá gbójú sókè, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ẹ̀ ń bá wọn ṣe pọ̀ lórí Ògiri yẹn. Má fòyà ṣá. Ìyá kì í ṣi ọmọ rẹ̀ mọ̀. Wọlé, wọ́n ń dúró dè ọ́."

Ilẹ̀kùn wo ẹ̀gbà ọwọ́ Mọrádékẹ́. "Ẹ káàbọ̀, Mọrádékẹ́," ló wí, ó sì ṣí fún un.

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó kọjú sí ìmọ́lẹ̀ tí kò rí. Ojú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Ìyá Ọlọ́kọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí ọkọ rẹ̀ ló ń tukọ̀ lórí ọ̀sà kí wọ́n tó mọ Ògiri. Aṣọ rẹ̀ mọ́, irun rẹ̀ dì mọ́ orí dáadáa, wọ́n ti fi òrí pa á lẹ́sẹ̀. Mọrádékẹ́ mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ òun ló ṣe é. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó dúró láàárín yàrá fi ìka lé ètè.

"Ẹ má kí i," ó rọra wí. "Dáhùnsi lorúkọ mi, láti Ilé Ìdọ́gba. Etí nìkan ni màmá yóò fi dá yín mọ̀, wọn ò sì gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn yín ṣáájú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sẹ́yìn aṣọ ìkélé."

Ọmọ wọlé láàárọ̀, kò kí ìyá rẹ̀. Ó dun Mọrádékẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kọjá níwájú obìnrin arúgbó náà bí olè.

Aṣojú wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó dúró, ó wọ aṣọ funfun. Wọ́n ti gbé irú rẹ̀ kan sílẹ̀ fún Mọrádékẹ́ pẹ̀lú. Bó ṣe ń pààrọ̀ aṣọ ló ń wo ojú ara rẹ̀ lára ẹlòmíràn: ilà igun ẹnu kan náà, àpá tí iná fi sí i lágbọ̀n nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é, wọ́n ní kí Mọrádékẹ́ jókòó, kó máa sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nílé, gbogbo rẹ̀ pátá, kó má fi nǹkan kan pa mọ́. Ó sọ ọ́. Ó yà á lẹ́nu lọ́jọ́ náà bí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ nílé ṣe kéré tó.

"Màmá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun láàárọ̀," Aṣojú wí pẹ̀lú ohùn Mọrádékẹ́. "Wọn ò jẹ ẹ́ tán. Ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n."

"Wọ́n ṣì ń kì ọ́ láàárọ̀?"

"Lójoojúmọ́."

"Ìwọ sì ń jókòó gbọ́ ọ?"

"Mo ń gbọ́ ọ parí."

Mọrádékẹ́ so aṣọ mọ́dìí. "Kí ló wà ní ìparí rẹ̀?"

Aṣojú wò ó. Kì í ṣe ìwò ẹlẹ́yà, ẹ̀rọ ò mọ ẹlẹ́yà. "Ẹ ò tíì gbọ́ ọ rí ni?"

Owú ń jẹ Mọrádékẹ́. Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ń jowú ẹ̀rọ, àmọ́ bó ṣe rí lára rẹ̀ ni mo ń sọ yìí. Oríkì òun ni. Ìyá òun ló ń kì í. Nǹkan tí wọ́n fi ike àti wáyà ṣe ló wá mọ ìparí rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Dáhùnsi wọlé bá wọn, ó gbé àwo idẹ kan dání. Ó na ọwọ́, Mọrádékẹ́ sì na tirẹ̀. Ẹ̀gbà náà kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀dá àfi lọ́jọ́ Ìdánimọ̀ tàbí lọ́jọ́ ikú. Ó bọ́, ó dún sínú àwo. Ọrùn ọwọ́ Mọrádékẹ́ kù ní òfìfo, awọ ibẹ̀ mọ́ ju ìyókù lọ.

"Aṣojú," ọkùnrin náà wí, "títí di ìsinsìnyí, ìtọ́jú màmá niṣẹ́ rẹ. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ. Láti ìsinsìnyí, Mọrádékẹ́ ni ọ́. Ohun tí Mọrádékẹ́ máa ń ṣe ni kí o ṣe." Ó yíjú sí Mọrádékẹ́, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ̀yin náà, ohun tí ẹ máa ń ṣe ni kí ẹ ṣe. Ẹni tí màmá bá dárúkọ ni n ó fi ẹ̀gbà yìí sí lọ́wọ́. Ẹni tó kù, ilé ló ni ín. Ṣó yé yín?"

"Ó yé mi," làwọn méjèèjì wí pa pọ̀.

Wọ́n jáde. Wọ́n kúnlẹ̀ níwájú àga, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Orúnkún Mọrádékẹ́ ró kẹ̀, ó sì pa eyín mọ́ra, nítorí ó ń dùn ún. Ọ̀gbẹ́ni Dáhùnsi gbé àwo idẹ náà sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," wọ́n jọ wí.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ yí etí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin méjì tí mo bí lójijì." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Orúkọ wo ni mo máa ń fi jí ọ láàárọ̀?"

"Àwẹ̀ró," àwọn méjèèjì wí.

"Ohùn kan náà. Háà, wọ́n gbìyànjú. Ọ̀gbẹ́ni, ṣé n kò lè fọwọ́ kàn wọ́n ni?"

"Òfin ò gbà bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. N ó kì í nígbà náà. Bí mo ti ń ṣe láàárọ̀ nìyẹn."

Mọrádékẹ́ wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí itan, bí iṣan ṣe yọ lára rẹ̀. Ìgbà wo ni ọwọ́ yìí gbẹ tó báyìí? Ojú tì í. Gbogbo bó ṣe ń sáré lórí afárá, kó ṣáà ti parí ló ń wí, bí ẹni pé ìyá òun jẹ́ ẹrù tí èèyàn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó pinnu níbẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ pé òní, ohun yòówù kó dé, òun ó gbọ́ oríkì yìí parí.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ kọ́kọ́ fẹnu ṣe hùn-ún, ó wá gbóhùn sókè:

"Àwẹ̀ró, ọmọ ọlọ́kọ̀ ibú,
Ọmọ atukọ̀ lójú ìjì,
Omi ń bínú, baba rẹ ń rẹ́rìn-ín.
Ẹja kì í sùn nínú ibú,
Baba rẹ ò sùn létí omi.
Ọmọ afàjẹ̀-sọ̀rọ̀-kómi-ó-gbọ́..."

Orí Mọrádékẹ́ wú. Ó ti gbàgbé bó ṣe máa ń rí. Ó di ọmọdé padà, ó di ẹni tí wọ́n gbé jókòó sórí ẹní, tí ìyá rẹ̀ ń fi ọwọ́ pa á lórí, tí òórùn ẹja yíyan ń wọlé láti ẹ̀yìn ilé.

Ẹ̀gbà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú àwo idẹ. Ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ̀ ta sára ògiri. "Mọrádékẹ́," ohùn Ọ̀gá Ṣówèmímọ̀ jáde nínú rẹ̀, kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo yàrá gbọ́ ọ. "Omi ti dé èjìká ilẹ̀kùn. Jọ̀ọ́, wá."

Ọ̀gbẹ́ni Dáhùnsi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn kó pa á, ó wá rántí pé òfin ò fún òun láṣẹ láti dí iṣẹ́ lẹ́nu. Ó dúró.

Gbogbo ara Mọrádékẹ́ ló fẹ́ dìde. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń tẹlẹ̀. Ó mọ ilẹ̀kùn náà, ó mọ ibi tí èèyàn ń gbé ọwọ́ lé kó tó yí, ó sì mọ iye ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò dánu dúró:

"Wọ́n ní kó má lọ, ó lọ,
Wọ́n ní kò ní bọ̀..."

Mọrádékẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì di aṣọ rẹ̀ mú, ó jókòó lé ẹsẹ̀ rẹ̀, kò dìde.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnì kan dìde.

"Ẹ má bínú, Màmá," Aṣojú wí, ohùn rẹ̀ ti ń sáré ṣáájú ẹsẹ̀. "Mo ń bọ̀. Iṣẹ́ ń pè mí."

Bí ẹni gbá Mọrádékẹ́ létí ló rí. Ọ̀rọ̀ òun ni. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe Aṣojú, òun náà ló sì ti ń sọ ọ́ láàárọ̀ gbogbo láti ìgbà tó ti ń lọ sílé ìwé. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ ṣe bíi Mọrádékẹ́, ó sì ṣe é láìkù síbì kan.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ dánu dúró. Ẹ̀gbà ṣì ń kùn nínú àwo.

"Ó ti tó," obìnrin arúgbó náà wí. Ó na ìka síbi tí ohùn Aṣojú ti wá. "Ọmọ mi nìyẹn. Ọmọ mi ò jókòó gbọ́ oríkì rẹ̀ parí rí láyé. Èyí tó jókòó lápá ibí yìí, Aṣojú ni. Aṣojú ló máa ń ráyè gbọ́ mi."

Ọ̀gbẹ́ni Dáhùnsi wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Òun náà lójú, ó sì mọ apá tí ẹni tí òun bọ́ ẹ̀gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ sí. Ó rìn wá, ó dúró lórí Mọrádékẹ́, ó wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ ju ìyókù lọ.

"Màmá ti sọ̀rọ̀," ó wí. "Òfin ní kí n bi ẹni tó kù. Ṣé o ní ohun tó o fẹ́ sọ?"

Ohun tí Mọrádékẹ́ fẹ́ sọ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Èmi ni. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò tó èémí kan. Tó bá sọ ọ́, ẹ̀gbà á padà sọ́wọ́ rẹ̀, á sáré kọjá lórí afárá, á yí ilẹ̀kùn kẹta, ipò Ọ̀gá Ṣówèmímọ̀ á di tirẹ̀. Tó bá dé ilé, àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé á ṣófo. Tí kò bá sì sọ ọ́, ta ni òun? Orúkọ òun á jáde lọ nínú ara ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí òun fi ìgbà èwe òun kọ́, nǹkan tí kì í rẹ̀ ni yóò máa ṣe é.

Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́, ó gbé àgbọ̀n sókè, kò jọ pé ẹ̀rù kankan ń bà á. Kò mọ ohun tó ṣe, Mọrádékẹ́ rò lọ́kàn rẹ̀, kò mọ̀ pé ẹnu mi ni òun wà báyìí.

"Mi ò ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ," ó wí.

Ọkùnrin náà pa ojú dé díẹ̀. Ó mú ẹ̀gbà látinú àwo, ó fi sí ọwọ́ Aṣojú. Ẹ̀gbà náà yí ká, ó fún mọ́ ọn, kíkùn rẹ̀ dákẹ́. Aṣojú ò wẹ̀yìn. Ó ti ń sáré.

"Ẹ lọ ire, Mọrádékẹ́," ilẹ̀kùn wí fún un.

Ọ̀gbẹ́ni Dáhùnsi kó àwo rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú sí obìnrin tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wá sọ èyí tó lè sọ. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ó wí. Ilẹ̀kùn tì lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́kọ̀ yí etí sí ẹnu ọ̀nà.

"Ṣé ó ti lọ?" Ìyá Ọlọ́kọ̀ bèèrè.

"Ó ti lọ, mà."

"Àwọn méjèèjì?"

"Àwọn méjèèjì, mà."

"Dìde lórí orúnkún yẹn, Àwẹ̀ró. Mo gbọ́ bó ṣe ró. Ó ti ń ró bẹ́ẹ̀ látìgbà tó o ti ṣubú lórí àkàbà Ògiri, mo sì ní kó o wá tọ́jú ẹ̀, o ní kò sáyè."

Mọrádékẹ́ ò lè dìde. Ó ń wo ìyá rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Wọ́n ti ṣe Aṣojú kí Mọrádékẹ́ tó ṣubú. Orúnkún Aṣojú kì í ró.

"Ẹ mọ̀," ló wá wí. "Màmá, ẹ mọ̀ pé èmi ni."

"Ta ni kò ní mọ ọmọ tó bí?"

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ..." Ó dìde báyìí, orúnkún tàbí kò sí orúnkún. "Màmá, ẹ ti bà mí jẹ́. Ẹ ti fi orúkọ mi fún ẹ̀rọ. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lórí Ògiri láàárọ̀ yìí? Ẹ̀rọ ò mọ ilẹ̀kùn yẹn."

"Á mọ̀ ọ́n. Ó mọ èmi náà, mo sì le ju ilẹ̀kùn lọ." Ìyá Ọlọ́kọ̀ ò gbóhùn sókè. "Jókòó. Mo ti fi ẹ̀rọ ṣe ọmọ tó. Kí àwọn náà lọ fi ẹ̀rọ ṣe òṣìṣẹ́."

"Ẹ ò bi mí."

"Ìwọ náà ò bi mí lọ́jọ́ tó o gbé e wá."

Mọrádékẹ́ lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ òfìfo rẹ̀ lé e, bó ti máa ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ láìronú.

"Aṣojú kì í jáde," ilẹ̀kùn wí. "Ẹ padà sínú ilé."

Ó tún gbé ọwọ́ lé e. Ilẹ̀kùn tún un wí, pẹ̀lú sùúrù kan náà. Láti ọ̀nà jíjìn, fèèrè Ògiri dún, ó dún títí, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé ẹnì kan ti yí ilẹ̀kùn kẹta. Omi ti padà. Iṣẹ́ ń lọ láìsí òun. Kò mọ̀ bóyá kí inú òun dùn ni àbí kí òun sunkún, nítorí náà ó sunkún.

"Má sunkún," ìyá rẹ̀ wí. "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú àwo níbẹ̀ yẹn, mi ò jẹ ẹ́ tán. Kí èmi àti ìwọ jọ jẹ ẹ́. O ò tíì jẹun, mo mọ̀, o kì í jẹun kó o tó jáde." Ó fọwọ́ tọ́ ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀, ó ń tọ́ ọ títí Mọrádékẹ́ fi wá jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, bó ti máa ń jókòó nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọwọ́ gbígbẹ náà bà lé e lórí. Ó wúwo ju bí ojú ṣe rí i lọ. "Níbo la dé dúró?"

Mọrádékẹ́ nu ojú. "Wọ́n ní kò ní bọ̀," ó wí.

"Ẹ̀n-ẹ́n." Ìyá Ọlọ́kọ̀ gbóhùn sókè:

"Wọ́n ní kó má lọ, ó lọ,
Wọ́n ní kò ní bọ̀, ó bọ̀.
Ọkọ̀ tó lọ tó bọ̀, ará ilé ló ni ín,
Ọkọ̀ tó lọ tí kò bọ̀, omi ló ni ín.
Àwẹ̀ró, omi kọ́ ló ni ọ́.
Èmi ni mo ni ọ́."

Ìparí oríkì náà nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lórí ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà," Mọrádékẹ́ wí, nítorí ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé kí ọmọ máa sọ nìyẹn tí wọ́n bá kì í tán, kò sì sọ ọ́ rí. Ó gbé orí sábẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀, kò gbé e kúrò, ó sì ń wo ilẹ̀kùn.